Oyè Kan Ilé Àrówólò

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹwàá

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: ikọ́ mi. Páànù òrùlé yàrá ẹ̀yìn, tó ń lu ara wọn. Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú Yusif, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Gọ́tà Alajo, àdúgbò wa ní Ghana, tí wọn ò tíì kó — bí òjò bá rọ̀, Yusif ni wọ́n máa bú. Sherifa, ọmọ mi tó wà ní Kumasi, tí kò tíì pè mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bóyá mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ìyàwó mi, àbí mi ò tì í. (Mo dìde lọ wò ó. Mo ti tì í. Mo tún dìde.) Èyí tó wúwo jù nínú wọn: Ẹ̀gbọ́n Adéògún pè láti Ìdí-Ọdán, ìlú bàbá wa ní Nàìjíríà, pé Baálẹ̀ ti papòdà.

Baálẹ̀ gbó, ó tọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Gbólóhùn tí Adéògún fi kún un ló ń já mi láyà. Ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ń ròyìn ìkómọ. Ó ní, "Sàká, oyè kan ilé wa."

Ilé mẹ́ta ló ń jẹ Baálẹ̀ níbẹ̀, bí ọ̀kan bá jẹ tán kó kan èkejì. Ìgbà tó kan ilé Àrówólò gbẹ̀yìn, wọn ò tíì bí bàbá mi. Nínú gbogbo ọkùnrin ilé náà, Adéògún nìkan ló kù sílé. Ojú rẹ̀ ti fọ́, obìnrin sì ni gbogbo ọmọ rẹ̀. Àwa yòókù ti bá Gold Coast lọ láti ayé bàbá bàbá mi, a ò sì pọ̀ mọ́.

Kí wọ́n gbàgbé wa. Àdúrà mi nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Òjò. Gọ́tà Alajo kún. Wọ́n bú Yusif.

Ọjọ́bọ̀, 8

Mo lọ jókòó sí ọ́fíìsì Yusif ní Kotobabi láàárọ̀. Àwọn èèyàn ti kún fàráńdà kó tó dé. Obìnrin kan tí wọ́n wó kíósì rẹ̀. Bàbá kan tí òkú ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wá jẹ́sì bọ́ọ̀lù. "Ọ́nọ́rébù, Ọ́nọ́rébù." Ó ń gbọ́ tẹnì kọ̀ọ̀kan, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Bí bàbá mi ṣe máa ń tẹ orí gẹ́lẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Yusif ò rí bàbá mi rí.

Bàbá bàbá mi ni olórí àwọn Yorùbá ní Cow Lane. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé máa ń kọ́kọ́ sùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni àwọn tó bá jà máa ń gbé ẹjọ́ wá. Bàbá mi wọ ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n ń pè é ní Káńsílọ̀ títí ó fi kú. Fatawu ẹ̀gbọ́n mi ṣe asẹ́ńbílímáànì, aṣojú àdúgbò, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tí òun náà kú, wọ́n yan Yusif, ọmọ rẹ̀, sí ipò kan náà. Ní báyìí Yusif fẹ́ lọ sílé aṣòfin. Oyè ò fo ìran kankan.

Èmi ńkọ́? Èmi ni mo ń to àga. Láti kékeré. Mo ń to àga, mo ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò, mo ń wojú ọ̀run bóyá òjò fẹ́ rọ̀. Fatawu máa ń sọ pé nínú ilé òṣèlú, ó yẹ kí ẹnì kan máa bẹ̀rù fún àwọn yòókù. Mo gbà á bí iṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Yusif rìn yí Alajo ká. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbòòrùn nítorí òjò. Òòrùn ràn, n kò sì pa á dé.

Obìnrin kan tó ń ta waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà, pariwo ní Twi pé àwọn Alata, ìyẹn àwa Yorùbá, dé o, wọ́n ta ọṣẹ fún wa tán, wọ́n tún fẹ́ ra ilé aṣòfin. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Afua, ìyàwó Yusif, ló dá a lóhùn. Ọmọ Mampong ni, kò ní ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kankan lára, ṣùgbọ́n ó ń sọ èdè náà ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ní alata samina, ọṣẹ dúdú yẹn náà kọ́ lo fi wẹ ọrùn kó tó mọ́ tó báyìí tí o gbé ẹ̀gbà sí i? Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bu waakye fún gbogbo wa, ó kọ̀ kò gba kọ́bọ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín wà ní òdìkejì títì. Òun àti Yusif ni wọ́n jọ ń du ipò. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Gbogbo eyín rẹ̀ ló fi ń rẹ́rìn-ín, títí kan ibi òkú. Ó ré títì kọjá wá kí mi, ó bi mí léèrè ara, ó bi mí léèrè Sherifa.

Ó kí mi dáadáa. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Ajé, 12

Kàlẹ́ńdà.

Afua gbé fóònù rẹ̀ wá kí Ìyá Ọlọ́ṣẹ tó ṣí ìsọ̀. Kò kí wa tán tó fi nà án sí mi. Àwọn ará Ìdí-Ọdán ti tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Yusif ló wà láàárín, nínú agbádá tó wọ̀ níbi fìdáù bàbá rẹ̀. Wọ́n gé e jáde nínú àwòrán yẹn, wọ́n sì gbé e sórí ìtẹ́ tí kì í ṣe tiwa. Àwa ẹbí yí i ká ní kéékèèké. Èmi náà wà níbẹ̀, ojú mi ní pípadé, bí ẹni tó ti kú. Lábẹ́ rẹ̀, gàdàgbà: BAÁLẸ̀ TÍ A YÀN, ỌLỌ́LÁ YUSIF ÀRÓWÓLÒ, ỌMỌ NÀÌJÍRÍÀ ÀTÀTÀ TÓ Ń TÀN NÍ GHANA.

Àtàtà. Ta ló rán wọn ní àtàtà?

Wọn ò fi ṣe ibi. Bí oyè bá kan ilé, kàlẹ́ńdà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ níbẹ̀, kí ìlú tó rí òkú sin tán. Ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti gbé e sórí WhatsApp àwọn ará Alajo. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Twi, sí Ga, sí Hausa. Afua ní ti Hausa ló burú jù, torí àwọn Hausa mọ̀ wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Ẹlẹ́rìn-ín wà lórí rédíò. Ó ní òun ò bá Alata jà o, àna òun wà ní zongo, àdúgbò àwọn àlejò. Ìbéèrè kékeré kan lòun ní: ẹni tó fẹ́ lọ jọba nílùú onílùú, ìlú wo ló máa ṣòfin fún? Òfin ilẹ̀ yìí sọ pé ẹni tó bá ń wárí fún orílẹ̀-èdè mìíràn kò gbọ́dọ̀ wọ ilé aṣòfin.

Wọ́n ti kọ̀wé ẹ̀sùn. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí Yusif wá wí tẹnu rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí í ṣe 23.

Ẹ̀jẹ̀ mi ti ru. N kò wọ̀n ọ́n, mo kàn mọ̀ ni.

Ọjọ́rú, 14

Mo pe Adéògún. Ó rò pé mo pè láti dúpẹ́ kàlẹ́ńdà. Ó ní ṣé mo rí bí ó ṣe dán? Bẹ́ẹ̀ òun ò ríran. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló sọ fún un pé ó ń dán.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní kí ni wọn ò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Yusif fún. Ìbéèrè mi yà á lẹ́nu. Ó ní, "Sàká, ta ló ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ oyè? Ìdílé ní í yàn, ọmọ a sì gbọ́."

Mo ní kí Yusif wá fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́. Ó ní kò sí bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́. Ilé tí oyè bá kàn tó bá kọ̀, ojúde ìlú ni wọ́n ti máa sọ ọ́, lójú ilé méjì yòókù. Oyè á ré e kọjá, kò sì ní yà síbẹ̀ mọ́ láyé. Ó ní, "Ta lẹ fẹ́ kó dìde lọ sọ ọ́? Ṣé èmi afọ́jú?"

N kò jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 16

Yusif wá lẹ́yìn Jímọ̀. Lọ́yà rẹ̀ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ò le: kó lọ sórí rédíò, kó sọ pé òun ò jẹ, kí òkú ọ̀rọ̀ sùn. Ó ti lè ṣe é láti ìjẹta. Kò tíì ṣe é. Mo bi í pé kí ló ń dúró dè.

Ó fèsì. Twi díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Mo to ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí: "Bàbá Kékeré, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni wọ́n fi ń bi mí níbí pé níbo ni mo ti wá. Ibì kan ṣoṣo ló wà láyé tí wọn ò ti bi mí. Ibẹ̀ náà ni kí n wá kọ̀ lórí rédíò?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé kenkey àti ẹja síwájú rẹ̀. Ó bù ú jẹ díẹ̀, ó sì tì í. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní ẹni tó fẹ́ ṣe Ọ́nọ́rébù tó tún fẹ́ ṣe Baálẹ̀, ẹja kan ṣoṣo ló wá borí rẹ̀ yìí? Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan.

Ó máa kọ̀ ọ́. Mo rí i lójú rẹ̀. Bó bá sì kọ̀ ọ́ tán, bó tilẹ̀ wọlé, nǹkan kan á ti kú lára rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Ó yẹ kí n kọ ti 1969 sílẹ̀. N kò tíì kọ ọ́ rí.

Mo wà nílé ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Ìjọba ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbéèlú jáde. Bàbá mi, Káńsílọ̀, kò ní in. Àìmọye èèyàn ló ti bá sáré ìwé tiwọn, ó dúró fún wọn, ó mú wọn lọ sí ọ́fíìsì. Tirẹ̀, kò sáré rẹ̀. Ta ló máa bi Káńsílọ̀ ní ìwé? Ohun tó rò nìyẹn. Ọ̀dọ́mọdé ṣọ́jà kan ló bi í.

A wọ lọ́rì. Fatawu nìkan ló kù lẹ́yìn — ẹbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àwọn ará Ga, gbé e pa mọ́ sí Jamestown. Ní Aflao, ní bọ́dà Ghana, a sun ìta fún ọjọ́ mélòó kan nínú ọ̀pọ̀ èrò. Ẹsẹ̀ ìyá mi wú, kò sì fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dáadáa mọ́ títí ayé rẹ̀. N kò lè kọ gbogbo ohun tí mo rí ní bọ́dà náà. Láti ìgbà tí mo ti padà wá bá Fatawu lẹ́yìn ọdún díẹ̀, n kò tíì kọjá Tema rí. Bí ọkọ̀ bá dorí kọ ọ̀nà ìlà-oòrùn, mo máa ń ní kí dírẹ́bà sọ̀ mí kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. A dé Ìdí-Ọdán nírọ̀lẹ́. Bàbá mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì. Ojú ń tì í. Ó ti fi fọ́tò ara rẹ̀ nínú kóòtù ránṣẹ́ sílé rí, ó dáwó mọ́ṣáláṣí. Ó wá dé pẹ̀lú ẹrù jákujàku àti ìyàwó tí wọ́n ń gbé. Baálẹ̀ ìgbà náà kì í ṣe ará ilé wa. Ó jáde láìwọ bàtà, ó di ọwọ́ bàbá mi mú láti ìsàlẹ̀, ó ní, "Sọ̀ kalẹ̀. A ti ń retí rẹ."

Irọ́ ni. Ta ló sọ fún wọn pé à ń bọ̀? Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fún wa ní yàrá méjì. Kò sẹ́ni tó bi wá ohun tí a kó dé.

Àwọn èèyàn yẹn la máa ránṣẹ́ sí pé a ò fẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń to ọṣẹ síta. Kò yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá Sherifa, ọkùnrin mélòó ló kù ní ilé Àrówólò tí ojú rẹ̀ ríran?"

Mo ní méjì, èmi àti Yusif.

Ó ní ó dáa. Ó ń to ọṣẹ rẹ̀ lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Inú bí mi. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, ikọ́ ńkọ́, Aflao ńkọ́? Mo ní ohùn mi ń gbọ̀n bí èèyàn bá ju márùn-ún lọ. Baálẹ̀ ní í dájọ́, èmi tí n kò lè dájọ́ bàtà tí n ó wọ̀ jáde! Ó ní ta ló ń parí ìjà àwọn ìyàwó Fatawu ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Mo ní ìyẹn yàtọ̀. Ó ní lóòótọ́ ni, ìyẹn ló le jù.

Lẹ́yìn náà ó wá jókòó tì mí. "Ẹ̀rù ń bà yín. Mo mọ̀. Ìgbà tí ẹ ń fẹ́ mi, ẹ̀rù ń bà yín. Ìgbà tí a bí Sherifa, ẹ sá lọ sí títì. Ẹ sì padà wá."

Mo dìde lọ wo gọ́tà.

Ọjọ́rú, 21

Rárá.

Ọjọ́bọ̀, 22

Rárá. Bí mo bá lọ, ta ló máa máa wo gọ́tà?

Ọjọ́ Jímọ̀, 23

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Èmi àti Afua jókòó síta lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó ń fi ìka yí etí aṣọ rẹ̀. Mo ń wojú ọ̀run.

Yusif jáde wá ròyìn fún wa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó, torí kàlẹ́ńdà ti dé ojú gbogbo èèyàn. Bí Ìdí-Ọdán bá fi ẹlòmíràn jẹ Baálẹ̀ kí ìdìbò 14 oṣù tó ń bọ̀ tó pé, ẹjọ́ ti parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Afua sunkún nínú ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Kotobabi. Nígbà tí a sún mọ́ ọ́fíìsì ó nu ojú, ó fi páúdà sí i. Àwọn èèyàn wà ní fàráńdà, wọ́n ń dúró de Ọ́nọ́rébù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Mo pe Adéògún. Mo béèrè ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń béèrè fún ẹlòmíràn. Mo ní ká ní àgbàlagbà kan wà nínú ilé, tí kò lókìkí, tí ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le — ṣé ìlú á gbà?

Mo rò pé ìlà ti já.

Ó wá ní, "Ìwọ ni mo kọ́kọ́ dárúkọ, Sàká. Kí wọ́n tó dé orí Yusif rárá. Wọ́n ní o ò ní wá, wọ́n ní ojo ni ọ́. Mo bá wọn jà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi."

N kò rántí bí mo ṣe kí i pé ó dàbọ̀. Mo lọ jókòó síwájú ìsọ̀. Ẹnì kan ní kí n fún òun ní ọṣẹ dúdú, mo fún un ní súgà. Ìtìjú ni àbí ayọ̀, n kò mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó dárúkọ mi sí nǹkan kan rí.

Ọjọ́ Ajé, 26

Mo sọ fún Yusif ní ọ́fíìsì rẹ̀ pé èmi ni n ó lọ jẹ Baálẹ̀, pé mo ti sọ fún Adéògún, ó sì ti gbà. Mo rò pé ó máa dúpẹ́. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní rárá, òun ò gbà. Ó ní ẹ ti dàgbà, ẹ ò lè dá wọ ọkọ̀ dé Circle láìbínú sí dírẹ́bà. Ó ní òun á kúkú fi ìdìbò sílẹ̀.

Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo ní, "Yusif, ìdílé ní í yàn, ọmọ a sì gbọ́. Ìdílé ti yàn. Gbọ́."

Ohùn mi ò gbọ̀n. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu.

Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Kò mọ̀ ọ́n ṣe, wọn ò kọ́ ọ dáadáa. Ìgúnpá kan wà nílẹ̀, ọ̀kan wà lókè. Mo fi ọwọ́ kàn án léjìká. Ó bi mí láti ilẹ̀ pé ṣé mo máa padà wá. Mo ní a ó rí i.

Baálẹ̀ kì í gbé ìlú mìíràn. Ó mọ̀. Mo mọ̀.

Ọjọ́rú, 28

Adéògún pè. Ilé méjèèjì yòókù ti gbà. Wọ́n á fi mí jẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kọkànlá, wọ́n sì fẹ́ kí n ti wọlé ṣáájú kí n lè jókòó sí ìyẹ̀wù bó ṣe yẹ. Ó ní wọ́n fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà tuntun. Mo ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Yusif fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún mi. Mo kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù òfuurufú ju ẹ̀rù Aflao lọ. Mo lọ wo ọkọ̀ tí mo máa wọ̀ ní páàkì, mo tẹ táyà rẹ̀ wò, mo bi dírẹ́bà ní ìbéèrè nípa búréèkì títí ó fi bi mí pé ṣé ọlọ́pàá ni mí.

Sherifa ń bọ̀ láti Kumasi lọ́la, ó ń sunkún lórí fóònù. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní òun ò tíì ní tẹ̀ lé mi. Ó fẹ́ ta ọjà òun tán, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe máa pa ẹnu dé ní alẹ́ ìdìbò. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń bọ̀. Ó ní kí n wo ibi tí ìsọ̀ máa dára sí nílé Baálẹ̀.

Ara mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò burú. N ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kọkànlá, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ni mo máa gbéra.